Bóòtù Olódòdó Tí Shawqi Tú Lára Níìṣì Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ìgbéyàwó yín kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ẹ sì ní sípánà nílé, ẹ fi sípánà náà sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú Shawqi rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́, kí a má sì fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní ìtìjú tó yẹ kó mú òun ti mú òun tán, kí àwọn ẹlòmíràn wá fi tòun kọ́gbọ́n.

Dahab ni Shawqi ń gbé, létí Òkun Pupa ní ilẹ̀ Íjíbítì, nínú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Mitwalli ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Irin ẹ̀yìn ni wọ́n ń tò fún àwọn òmùwẹ̀ abẹ́ òkun. Irin pẹlẹbẹ kan ni, òmùwẹ̀ á fi bẹ́líìtì gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Àpò tí ń mú un léfòó á tẹ̀ lé irin náà, sìlíńdà afẹ́fẹ́ á sì tẹ̀ lé àpò. Bóòtù méjì péré ló so gbogbo wọn pọ̀. Bí bóòtù méjì yẹn bá já, oníkálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ: sìlíńdà á forí lé ìsàlẹ̀, àpò á forí lé òkè, òmùwẹ̀ á wà láàárín, á máa wo àwọn méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá Mitwalli fi so òòfà kékeré kan rọ̀ sára tábìlì iṣẹ́. Kò sí bóòtù tó gbọdọ̀ dé inú òkun láìkọjá lọ́dọ̀ òòfà yìí. Ojúlówó irin tí kì í dógùn-ún, òòfà ò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n irin lásán tí wọ́n kàn fi nǹkan dídán kùn lára, òòfà á fò mọ́ ọn.

"Tí òòfà bá ti fẹnu kò ó lẹ́nu," ọ̀gá máa ń wí, "jù ú sọ́nà ìta. Iyọ̀ òkun á jẹ ẹ́ bí búrẹ́dì."

Shawqi mọ òfin yìí ju orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Kápítéènì Lamis. Olùkọ́ àwọn òmùwẹ̀ ni obìnrin yìí, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Shawqi! Irin ẹ̀yìn mi ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀, Kápítéènì."

"Ó kù díẹ̀ náà lo wí lánàá. Ṣé díẹ̀ yẹn ń bímọ ni?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dì ni pé Lamis yan àpò tó nípọn, ó tún ní kí wọ́n fi tìmùtìmù sáàárín kí irin má baà máa gún òun. Bóòtù gidi tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kúrú. Bí Shawqi bá tì í wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, ṣóńṣó rẹ̀ kàn máa ń yọjú sí nọ́ọ̀tù ní ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni tó ń kí ènìyàn láti òkèèrè. Èyí tó gùn wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ láti Cairo.

Nígbà tí Lamis lọ tán, Ọ̀gá Mitwalli pe Shawqi.

"O gbọ́ ohun tó wí? Tí kò bá rí i gbà lọ́la, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì nìyẹn."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Tó bá lọ, kò sí ìsinmi ìgbéyàwó fún ẹ o. Ọjọ́ tí wọ́n bá so yín pọ̀ gan-an, ibí lo máa wà."

"Ọ̀gá! Ọjọ́ ìgbéyàwó mi?"

"Mú ìyàwó dání. Á máa bá wa ṣa nọ́ọ̀tù."

Shawqi padà sí ilé tuntun tí òun àti Ibtisam, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, fẹ́ máa gbé. Ilé náà ò tíì ní bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì ní àga. Ṣùgbọ́n níìṣì ti wà níbẹ̀.

Níìṣì ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí ìyàwó máa ń to àwo olówó iyebíye sí. Ẹnikẹ́ni kì í fi àwo náà jẹun. Wọ́n á máa wò ó, wọ́n á máa nù ún, wọ́n á máa lé ọmọdé kúrò nídìí rẹ̀ títí wọn á fi dàgbà. Ìyá Ibtisam, Àlàájà Inshirah, ló rìnrìn àjò fúnra rẹ̀ lọ sí Dumyat, ìlú àwọn káfíńtà, lọ rà á. Nígbà tí káfíńtà fẹ́ fi bóòtù kan ṣáá so apá òkè mọ́ apá ìsàlẹ̀, Àlàájà gbá a lọ́wọ́.

"Bóòtù olórí pípá? Lára níìṣì ọmọ mi?"

Ó fúnra rẹ̀ ṣa mẹ́rin nínú páálí: aláwọ̀ wúrà, tí wọ́n ṣe orí rẹ̀ bí òdòdó róòsì. Ó ròyìn bóòtù yìí fún gbogbo àdúgbò ju bó ṣe ròyìn ọkọ ìyàwó lọ.

Shawqi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú níìṣì, ó ń ronú. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára òdòdó kan. Ó wò ó. Ó sún mọ́ ọn. Ó fi ìka wọn gígùn rẹ̀.

"Rárá o," ó wí fún ara rẹ̀.

Ó tún wọ̀n ọ́n.

"Ó mà gùn o."

Ó dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó wo òkun, ó padà wá.

"Méjì péré ni. Méjì tó kù á gbé e dúró. Bí ti Cairo bá ti dé, mo máa dá a padà. Ta ló fẹ́ mọ̀? Kò tiẹ̀ sí àwo nínú ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni sípánà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé bóòtù méjèèjì sórí tábìlì iṣẹ́. Òòfà ò dúró kí wọ́n pè é. Ó fò, ó sì dì mọ́ òdòdó pẹ̀lú ariwo kékeré bí ìfẹnukonu. Shawqi fà á, kò bọ́. Ó fi eékánná yọ ọ́, ó tún fò padà. Nígbà tó já a gbà tán, òógùn ti bò ó.

"Shawqi!" ọ̀gá ké láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti ń mu tíì. "O ti fi òòfà yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo ti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá."

"Kí ló wí?"

Shawqi wo òòfà. Òòfà ń mì rọ̀ọ̀rọ̀ lórí okùn rẹ̀, ó ṣì ń wá olólùfẹ́ rẹ̀ kiri.

"Kò wí nǹkan kan, ọ̀gá."

Irọ́ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni gbogbo ìyókù fi ṣe ìyá.

Ó ti rò pé Lamis á wo bóòtù náà tìfura-tìfura. Áà! Lamis gbé irin ẹ̀yìn náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń jẹun ní ilé oúnjẹ òdìkejì fi dìde.

"Òdòdó! Shawqi, o fi òdòdó sí mi lẹ́yìn! Gbogbo ọkùnrin tó wà ní Dahab yìí, ó dàbí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni wọ́n ti gbé ẹ̀yìn wọn wá. Èmi, òdòdó!"

"Kápítéènì, fún ìgbà díẹ̀ ni o. A máa pààrọ̀ ẹ̀..."

"Gbìyànjú kí o pààrọ̀ ẹ̀, kí o rí ohun tí mo máa fi ojú ẹ ṣe."

Ó san owó, ó lọ. Kò pẹ́ tó fi padà dé. Ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ti rí i, òun náà fẹ́ olódòdó.

"Ó ti tán," Shawqi yára wí.

Ọ̀gá Mitwalli yọ orí láti ẹ̀yìn. "Kí ló ń jẹ́ ó ti tán? Ibi tí o ti rí méjì àkọ́kọ́, ṣé ilẹ̀ ti gbé e mì?"

"Ọ̀gá, ibi tí mo ti rí i... méjì péré ló kù níbẹ̀."

"Méjì náà sì ni a fẹ́! Ọmọ yìí, nígbà mìíràn o máa ń ṣe bí ẹni tí wọ́n rà pẹ̀lú ẹ̀dínwó."

Ó lọ tú méjì tó kù. Nígbà tí ó yọ èyí tó gbẹ̀yìn, apá òkè níìṣì fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ sí apá ọ̀tún jẹ́jẹ́, nítorí ilẹ̀ ilé náà dà sí ọ̀nà kíṣìnnì. Ó dàbí ẹni tó ń tẹ́tí gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Shawqi ká páálí, ó tì í sábẹ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó mí. Ó fẹsẹ̀ kẹ́lẹ́ jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn bí ẹni pé ọmọ ń sùn nínú ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ Cairo ò dé. Awakọ̀ ní táyà. Awakọ̀ ní afárá. Awakọ̀ ní ìyá òun ò yá. Lójoojúmọ́ ni Lamis ń gbé òdòdó wọ òkun, tí ó sì ń padà wá kí Shawqi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Shawqi náà á rẹ́rìn-ín, á sì yíjú sí ojú ọ̀nà Cairo.

Ibtisam pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Shawqi, ṣé o ti jí? Màmá ní àwọn ò lè dúró mọ́. A ti wà ní ìsàlẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ ibo?"

"Ìsàlẹ̀ ilé wa. A kó àwo dé."

Ó sáré wọ kóòtù tuntun tí wọ́n rán fún ìgbéyàwó, torí kò sí ẹ̀wù mìíràn nítòsí, ó sì dé ilé náà bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn. Àlàájà Inshirah ló ṣíwájú, ó gbòòrò, ó ga, ìbòrí rẹ̀ funfun báláú. Àwọn àǹtí Ibtisam tẹ̀ lé e pẹ̀lú páálí àwo lórí, wọ́n ń fi ahọ́n ké igbe ayọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Àwọn ọkùnrin ẹbí ò tíì dé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì há sí ibi tí ọlọ́pàá ti ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà Sharm.

"Ẹ wò ó!" Àlàájà ní, ó nawọ́ sí níìṣì. "Ẹ sọ òtítọ́. Ṣé níìṣì ọmọ Hosniyya aládùúgbò wa dára tó báyìí?"

"Kò súnmọ́ ọn!"

"Ti ọmọ Hosniyya ni wọ́n fi ń tọ́jú bàtà!"

Àǹtí kan gbé àkójọ àwo oúnjẹ àkọ́kọ́ sí i. Níìṣì kérora. Shawqi nìkan ló gbọ́. Ó rí i tí apá òkè tún tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, tí páálí tó ká sábẹ́ rẹ̀ sì yọ jáde bí ahọ́n.

Ó fi ẹsẹ̀ méjì dé ibẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ níìṣì, ó sì fẹ̀yìn tì í.

Àlàájà wò ó. "Àna mi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Kí ló dé tí o fi dúró síbẹ̀ yẹn?"

"Mo... mo fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Àwọn àǹtí wo ara wọn. Ọ̀kan fi ọwọ́ sí àyà. "Ọkọ tó mọyì ohun ìyàwó! Ẹ wò ó bó ṣe dúró tì í!"

Wọ́n ń to àwo. Níìṣì ń wúwo. Wọ́n to abọ́ ọbẹ̀ olómi wúrà, wọ́n to ife tíì àti àwo pẹlẹbẹ tí ń gbé e, wọ́n to ohun kan tó dàbí ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìlò rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ń bọ̀ sórí eegun ẹ̀yìn Shawqi. Ó ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Shawqi, wá jẹun," Ibtisam ní.

"N ó jẹ ẹ́ níbí."

"Níbo? Lórí ìdúró?"

"Ó máa ń dà dáadáa nínú mi tí mo bá dúró."

Àlàájà fúnra rẹ̀ wá fi ìrẹsì tí wọ́n fi ewé àjàrà dì sí i lẹ́nu, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ojú ẹ ti pọ́n. Ìfẹ́ ló ń dà á láàmú," ó wí fún àwọn àǹtí.

Ibtisam ò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ Shawqi, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Kí lo ṣe?"

"N ò ṣe nǹkan kan."

"Shawqi, etí ẹ ti pupa. Etí ẹ kì í pupa bí o ò bá ṣe nǹkan."

Kí ó tó lè dáhùn, fóònù rẹ̀ dún nínú àpò ṣòkòtò. Kò lè mú un. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di níìṣì mú lẹ́yìn.

"Jẹ́ kó dún," ó ní.

"Ọ̀gá ẹ ni." Ibtisam ti yọ ọ́. "Kí gbogbo ilé bá mi kí i."

"Rárá, Ibtisam, má..."

Ó ti tẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbé ohùn rẹ̀ sókè.

"Ọ̀gá Mitwalli, ẹ kú iṣẹ́ o! Gbogbo ẹbí wà níbí, à ń to níìṣì!"

Ọ̀gá Mitwalli ò kí ẹbí kankan.

"Shawqi! Bóòtù olódòdó yẹn, níbo lo ti rí i?"

Àlàájà Inshirah gbé ife tíì kan dání, ó fẹ́ gbé e síbi tó yẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

"Bóòtù oló-kí-ni?"

"Ọmọ ẹ̀kọ́ Lamis ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tiẹ̀ wá," ọ̀gá ń bá a lọ. "Omi pupa ń kán lára rẹ̀ bí tíì! Mo gbé òòfà sún mọ́ ọn, díẹ̀ ló kù kó já a gbà lọ́wọ́ mi! Lamis sì ti lọ, Shawqi. Etí òkun tó wà lábẹ́ ilé ẹ yẹn ló lọ, ó ní ìsàlẹ̀ jíjìn lòun ń lọ lónìí. Mo pè é, fóònù ẹ̀ ò lọ. O mọ̀ pé orúnkún mi ò lè sáré. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ ibi tí tiẹ̀ ti wá. Tó bá jẹ́ ojúlówó, sọ fún mi, kí n jókòó jẹ́jẹ́, kí n mu tíì mi. Ṣé ojúlówó ni?"

Shawqi yí ọrùn wo ẹ̀yìn. Láàárín gíláàsì níìṣì, láàárín àwọn abọ́ olómi wúrà, ó rí fèrèsé. Nínú fèrèsé ó rí òkun. Létí òkun ó rí obìnrin kan nínú aṣọ dúdú tó ń di bẹ́líìtì mọ́ra. Oòrùn kan ẹ̀yìn rẹ̀. Nǹkan kan tàn níbẹ̀ bí wúrà.

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló kù kí ó sọ. Kò gùn. Tí ó bá sọ ọ́, ọ̀gá á jókòó, Àlàájà á gbé ife sílẹ̀, ìgbéyàwó á wáyé. Obìnrin tó wà létí òkun á sì wọ inú omi lọ pẹ̀lú òdòdó tó ti jẹrà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá," Shawqi ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Kì í ṣe ojúlówó. Ara níìṣì ìyàwó mi ni mo ti tú u."

Àlàájà gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yí níìṣì po. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ìka bọ ihò àkọ́kọ́, ó yọ ọ́. Ó ti ìka bọ ihò kejì. Ó dìde.

"Shawqi."

"Màmá."

"Kí ló gbé níìṣì yìí dúró?"

"Èmi ni, Màmá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé."

"Ìfẹ́ tí o ní sí i nìyẹn?"

"Màmá, ẹ bú mi tó bá yá. Obìnrin yẹn ò tíì wọ omi tán. Ẹ wò ó, ẹ wo fèrèsé! Tí mo bá kúrò níbí, gbogbo àwo yìí á wó lulẹ̀. Tí n ò bá kúrò... Ẹ kó o jáde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwo jáde, kíá! Tí ẹ ò bá sì lè kó o tán, ẹ fojú fò ó. Mo ń lọ."

Àlàájà Inshirah bọ́ bàtà ọ̀tún. Ó bọ́ tòsì. Ó ká apá aṣọ sókè.

"Sún kúrò níbẹ̀."

"Màmá?"

"Mo ní sún! Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, ṣé pákó ni yóò wá pa mí?" Ó kẹ̀yìn, ó fi ìdí àti èjìká gba níìṣì, ó sì gbé e mọ́ra bí ògiri. "Sáré! Ìwọ lo mọ̀ ọ́n lójú. Tí nǹkan kan bá ṣe obìnrin yẹn, má padà wá síbí o. Tí nǹkan kan kò bá sì ṣe é, yára padà wá kí n pa ọ́."

Shawqi sáré. Ó fò àtẹ̀gùn, ó fò ràkúnmí kan tó dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó la àárín àwọn tó ń yá oòrùn kọjá pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó. "Kápítéènì! Kápítéènì Lamis!" Lamis ò gbọ́. Fìlà rọ́bà bo etí rẹ̀, omi ti mù ún dé àyà, ó ti ki ẹnu sí ohun tó fi ń mí, ó fẹ́ ri orí bọlẹ̀.

Shawqi fò sínú omi. Ó na ọwọ́, ó sì gbá sìlíńdà mú láti ẹ̀yìn.

Òdòdó òkè já. Kò pariwo, ó kàn ya bí bisikíìtì tí wọ́n rì bọ tíì. Òdòdó ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Sìlíńdà bọ́ sí Shawqi láyà, Shawqi sì jókòó wọ̀ọ̀ sínú omi pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà tó ti ara sìlíńdà wọ ẹnu Lamis fà á gbọnrangandan, Lamis sì fi ẹ̀yìn rìn wá bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn fà.

Ó tu rọ́bà náà jáde.

"Shawqi! Ṣé orí ẹ pé? Kí lo ń ṣe nínú òkun pẹ̀lú kóòtù?"

Shawqi gbé orí òdòdó kan sókè nínú omi. Ó ti pupa. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọnú.

"Òòfà sọ fún mi, Kápítéènì. Mo parọ́ pé kò sọ nǹkan kan."

Lamis gba òdòdó náà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó bojú wẹ̀yìn wo ibi tí omi ti yí padà láti àwọ̀ ewé sí àwọ̀ dúdú, ibi tí òun fẹ́ lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Ibẹ̀ yẹn," ó ní, "kò sí ẹni tí ì bá gbá a mú fún mi."

Shawqi ò lè wò ó lójú. Ó ní nínú gbogbo èébú tí wọ́n bú òun lọ́jọ́ náà, gbólóhùn jẹ́jẹ́ yẹn nìkan ló ṣì ń jí òun lójú oorun.

Lamis bá a gun òkè lọ sí ilé. Ó ní òun fẹ́ rí níìṣì tó fẹ́ pa òun.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Àwo wà nílẹ̀ káàkiri lórí rọ́ọ̀gì, kò sí èyí tó fọ́. Àwọn àǹtí jókòó láàárín rẹ̀. Àlàájà Inshirah dúró láìwọ bàtà, ẹ̀yìn rẹ̀ lára níìṣì. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Ó ní níìṣì ọmọ òun ò ní dùbúlẹ̀ bí òkú níṣojú òun. Ó sì ń mu tíì.

Shawqi wo ife náà. Olómi wúrà ni. Ife níìṣì ni! Ó wo ọwọ́ àwọn àǹtí. Gbogbo wọn ló mú ọ̀kan dání.

"Kí lò ń wò?" Àlàájà ní. "Òùngbẹ gbẹ mí. Ife mìíràn wà nínú ilé yìí ni?" Ó rí Lamis. "Ìwọ ni obìnrin inú omi?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé kò sí ibi tó ń dùn ọ́?"

"Kò sí, Màmá."

"Àlámùdùlílàhì. Ẹ bu tíì fún un." Ó yí ojú sí Shawqi. "Ìwọ, wá."

Shawqi lọ bá a, omi ń kán lára kóòtù rẹ̀. Ó na orí òdòdó méjì tó ti jẹrà sí i. Àlàájà mú un, ó wò ó pẹ́.

"Ẹni tó tà á fún mi ní wúrà gan-an á gbó kí òdòdó yìí tó gbó." Ó sọ ọ́ sínú àwo kan. "Olè ni ẹ́. O tún purọ́. O jẹ ewé àjàrà lọ́wọ́ mi, o sì ń wò mí lójú bí ẹni mímọ́. Kí ló yẹ kí n ṣe fún ẹ?"

"Ohun tó bá wù yín, Màmá. Tí ẹ bá ní kí ìgbéyàwó má wáyé mọ́, n ò ní jà."

"Èmi máa jà," Ibtisam ní láti ibi tó jókòó sí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Màmá, ọwọ́ méjèèjì ló fi di àwo yín mú, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú yín nítorí ẹlòmíràn. Ká ní ó dúró síbẹ̀ títí obìnrin yìí fi rì ni, èmi gan-an ni mi ò bá fẹ́ ẹ."

"Èmi ì bá fẹ́ ẹ fún ọ," Àlàájà ní. "Ọkùnrin tó lè gbé níìṣì láti òwúrọ̀!" Àǹtí kan fi tíì ha ara rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Àlàájà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń jà. "Ó dáa. Ọjọ́bọ̀ tí a dá fún ìgbéyàwó ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n Mitwalli ti pè, ó ní bóòtù Cairo ti wọ ìlú, òun ń gbé e bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì yá. Títí yóò fi dé, níìṣì yìí ò gbọdọ̀ wó, kò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. Gba ipò ẹ."

Ó kúrò. Shawqi fi ẹ̀yìn tó tutù gba níìṣì. Àlàájà na ara, egungun rẹ̀ dún, ó wọ bàtà, ó sì lọ jókòó ti Lamis. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú Shawqi pa pọ̀ bí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

"Ẹ̀yin ò ní fún mi ní tíì?" ó béèrè.

"Òòfà wí nǹkan kan?" Lamis ní.

"Kò wí nǹkan kan," Àlàájà dáhùn, gbogbo yàrá sì ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Oòrùn ń lọ sẹ́yìn àwọn òkè. Ọ̀gá Mitwalli ò tíì dé. Ibtisam dìde láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó yí níìṣì po sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀ ò ti lè rí i, ó gbé ife olómi wúrà kan sí Shawqi lẹ́nu. Tíì náà gbóná, ṣúgà rẹ̀ pọ̀, ewé míǹtì kan lẹ̀ mọ́ etí ife. Shawqi mu ún tán.

Ibtisam gbé ife sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Sún díẹ̀," ó ní, ó sì kẹ̀yìn sí níìṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.